Orúkọ Tí Alágbàfọ̀ Kọ Sílẹ̀

Wọ́n ní aṣọ tí Alágbàfọ̀ bá fọ̀ máa ń fa làpálàpá. Wọ́n ní omi kan náà ló fi ń fọ aṣọ aláìsàn àti aṣọ ẹni tí ara rẹ̀ le. Wọ́n ní ọmọ kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti di máàpù láti ọrùn dé ìbàdí. Kò sí ẹni tó fojú rí ọmọ náà o, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ibi tó ti ń yún un. Èmi tí mò ń kọ èyí gbà á gbọ́ dé ìdajì. N kò bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò gbé kọ́tìnì mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Ìdajì ìgbàgbọ́ tó láti ba odidi iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

Opó ni Alágbàfọ̀, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Apá rẹ̀ nípọn bí apá ajàkadì, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: báàfù ńlá mẹ́ta, tábìlì gígùn kan tí ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò, áyọ́ọ̀nù méjì, àti fèrèsé kan tó kọjú sí títì. Kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí aṣọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ tí ó máa ń rán mọ́ abẹ́ kọ́là, kékeré báyìí: pupa fún ilé olùkọ́, búlúù fún ilé awakọ̀, yẹ́lò fún òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun títì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì náà, ẹyọ kan kò sì sọnù rí.

Ẹni tó ń fún un ní àwọn òwú náà ni aránṣọ òdìkejì. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó nàró, ó sì ń gún ni. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bí kọ́là bá já, Alágbàfọ̀ á ké láti ojú fèrèsé, “Abẹ́rẹ́ o!” Abẹ́rẹ́ á sì dáhùn láti ìdí màṣíìnì rẹ̀, “Kí lo tún fi ọwọ́ ìjà rẹ fà ya?”

Bí àwọ̀ òwú ṣe ń pòórá ló jẹ́ kí Alágbàfọ̀ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Pupa kò wá mọ́. Búlúù kò wá mọ́. Nígbà tó di pé yẹ́lò náà kò wá, ó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ kò jẹ́ kó jókòó.

“Màmá, ẹ má bínú. Àwọn àlejò wa kò gbọdọ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí.”

“Irú ọ̀rọ̀ wo?”

Ọkùnrin náà rò fún un. Alágbàfọ̀ béèrè ẹni tó sọ ọ́. Ọ̀gá náà wo ilẹ̀, ó wo òkè. “Ọ̀rẹ́ yín ni, ẹni tó ń ránṣọ. Ó ní àánú yín ló ń ṣe òun. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ti ń bá wa fọ̀ ọ́ báyìí, ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ.”

Bí Abẹ́rẹ́ ṣe ṣe é nìyẹn. Bó bá ti ń pín aṣọ tó rán káàkiri láti ilé dé ilé, á gbé aṣọ fún wọn, á dúró díẹ̀, á wo ọmọ wọn, á mí kanlẹ̀, á ní, “Ẹ má gbé èyí fún òdìkejì fọ̀ o. N kò sọ nǹkan kan. Ara ọmọ yín ṣe pàtàkì ni mo sọ.” Ogún ilé ló bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín músẹ́ lẹ́nu, aṣọ tuntun lọ́wọ́. Ìròyìn tí a bá fi ọwọ́ kan náà gbé pẹ̀lú aṣọ tuntun, ta ni yóò kọ̀ ọ́?

Alágbàfọ̀ ré títì kọjá lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ kò gbé ojú sókè kúrò lórí màṣíìnì.

“Ìwọ lo ní aṣọ mi ń fa làpálàpá?”

“Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Pè é kó wá sọ ọ́ lójú mi.”

“Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì.”

“Àwọn ọkùnrin,” ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè pariwo.

Alágbàfọ̀ padà sílé. Kò sunkún. Kò gégùn-ún, nítorí onígbàgbọ́ ni. Ó kan sọ fún Ọlọ́run pé bí ó bá fẹ́ gbẹ̀san, òun wà nílẹ̀, òun lọ́wọ́, òun sì tún lágbára.

Mo ní láti sọ irú onígbàgbọ́ tó jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Mọ́mọ́nì ni. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn máa ń fi ilé sílẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀ tàbí ọdún méjì, wọ́n á lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn kiri ní méjì-méjì, káàdì dúdú kékeré ní àyà wọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á gbé wọn lọ síbòmíràn, àwọn mìíràn á sì rọ́pò wọn. Ọ̀pọ̀ wa ti sé ilẹ̀kùn mọ́ wọn rí. Èmi náà ti gbé ìkòkò ka iná kí n lè rí àwáwí wí.

Ṣùgbọ́n Alágbàfọ̀ kò sé ilẹ̀kùn ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Oṣù kẹta lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú ni. Àwọn tó ń bá a kẹ́dùn ti tú ká, oníkálukú ti padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, òun nìkan ló kù nínú yàrá yẹn tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì òkú. Ó máa ń fọ̀ wọ́n lọ́jọ́ Ajé, á lọ̀ wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á kó wọn sínú àpótí, lọ́jọ́ Ajé mìíràn á tún kó wọn jáde. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan ilẹ̀kùn. Ọ̀kan béèrè pé, “Màmá, ṣẹ́ẹ̀tì ta ni?” Kò sí ẹni tó ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó jókòó, ó sì dáhùn fún wákàtí méjì. Wọn kò wàásù lọ́jọ́ náà, wọ́n kan bá a ká ṣẹ́ẹ̀tì ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ kíkàn ilẹ̀kùn ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú rẹ̀, á gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ kó lè dá a lóhùn dáadáa. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná báyìí, ti ṣe ọdún méjì tirẹ̀ níbi tó jìn.

Nítorí náà, ohun tó ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe àìmọ̀. Ó mọ iye ohun tó mú lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ìránṣẹ́ ìhìnrere máa ń mú ìwé kékeré kan kiri láàárín ìjọ. “Ẹ̀yin ará, ta lẹ mọ̀ tí a lè lọ bẹ̀ wò?” Àwọn ará á máa wo bàtà wọn. Ta ni yóò fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún àlejò? Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, Alágbàfọ̀ na ọwọ́. Ó gba ìwé, ó gba bírò, ó kọ orúkọ Abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà ilé rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà, ó sì fi kún un nísàlẹ̀ pé: *Aago méjì ọ̀sán ló dára jù. Ẹ kàn án gidi.*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Orí máa ń fọ́ Abẹ́rẹ́ nítorí ariwo màṣíìnì, ó sì máa ń sùn láti aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ MÁ KÀN ÁN sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnì kan tó ń ta ìwé adójútòfò kàn án nígbà kan, omi ọṣẹ ló fi wẹ̀ títí dé ilé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago méjì, Alágbàfọ̀ gbé tábìlì rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, táì lọ́rùn, dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, wọ́n ka ohun tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ, wọ́n wo ìwé wọn, wọ́n sì kàn án gidi. Ohun tó jáde lẹ́nu Abẹ́rẹ́ kò ṣe é kọ sínú ìwé. Alágbàfọ̀ lọ ṣòkòtò kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ó tún kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn ọmọ náà ní, “Màmá, ó ní ká má padà wá o.” Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, Pétérù ńkọ́? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló sẹ́ Olúwa ni?” Nígbà tí wọ́n gbé àwọn yẹn lọ tí àwọn mìíràn dé, àwọn tuntun kò mọ ìtàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Báyìí ló ṣe é jálẹ̀ oṣù méje. Bí àwọn tuntun bá ti dé, orúkọ Abẹ́rẹ́ ni orúkọ àkọ́kọ́ nínú ìwé wọn. Abẹ́rẹ́ da omi sí ọ̀kan lára títí ó fi rin gbindin. Ọmọ náà wá gbẹ aṣọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀. Ó bá a fọ̀ ọ́, ó bá a lọ̀ ọ́, kò gba kọ́bọ̀. Ó ń kí i pẹ̀lẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó mu oyin.

Ọmọ rẹ̀ oníná wá sílé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kàn án lọ́wọ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo òdìkejì, ó yé e.

“Màmá. Ẹ̀yin lẹ rán wọn?”

“Ìhìnrere ni mo rán sí i. Ṣé ìhìnrere burú ni?”

“Màmá, mo kan ilẹ̀kùn fún ọdún méjì. Ẹ mọ ohun tó ń gbé ẹsẹ̀ ẹni láti ilé kan sí èkejì lẹ́yìn tí ogún ti lé e? Èrò pé ẹnì kan wà níwájú tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì òkú. Tìtorí yín ni mo ṣe ń rìn. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ja ìjà.”

“Ẹsẹ̀ wọn kò ṣẹ́,” ni Alágbàfọ̀ wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un, ó sì sun kọ́là kan lọ́jọ́ náà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn kò ní kó má kọ orúkọ náà lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

Àwọn tó dé lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ ọmọbìnrin méjì. Ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì kún fún eruku. Wọ́n kan ilẹ̀kùn ní aago méjì. Abẹ́rẹ́ já jáde pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́. Alágbàfọ̀ rọ áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ kó lè gbádùn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbé ike sókè, ó sì dúró gbagidi. Ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì èyí tó kúrú ti tú, ó ń fà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù, ó sì ti fi píìnì mẹ́ta gbé e gbágungbàgun. Nínú Bíbélì, ẹni tó ń ṣàìsàn ló fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ. Èyí kò ṣàìsàn, aránṣọ ni, ṣùgbọ́n aránṣọ kò lè rí irú ìṣẹ́tí bẹ́ẹ̀ kó fi í sílẹ̀ kó máa lọ.

“Ta ló rán èyí fún ọ?” ló béèrè.

“Èmi ni, mà.”

“Ojú ò tì ọ́. Wọlé kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni n ó wá bú yín.”

Ilẹ̀kùn tì mọ́ wọn lẹ́yìn. Alágbàfọ̀ dúró lójú fèrèsé títí áyọ́ọ̀nù fi tutù. Wọn kò jáde fún wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n jáde, síkẹ́ẹ̀tì náà gún régé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí tó ga ń bá a ṣa òwú nílẹ̀, èyí tó kúrú ń kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. N kò tíì sọ fún yín pé Abẹ́rẹ́ kò ní ọmọ, àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn náà kì í wá àfi bó bá fẹ́ gba nǹkan. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó nu ṣọ́ọ̀kì ara ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta oṣù náà, Alágbàfọ̀ gbé ojú sókè nínú orin, ó rí Abẹ́rẹ́ lórí àga tó wà níwájú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ nà gbọọrọ bí ti ẹni tó ni ilé.

“Arábìnrin,” ni Bíṣọ́ọ̀bù wí fún Alágbàfọ̀ lẹ́yìn ìsìn, “ẹ ti jèrè ọkàn kan!”

Inú mi yóò dùn láti sọ pé ẹkún ayọ̀ ló sun. Irọ́ ni. Ó bi ara rẹ̀ pé irú Ọlọ́run wo ni a ó fi ọ̀tá lé lọ́wọ́ tí yóò lọ fi í ṣe ọmọ? Kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jí pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun lórí. Ìjọ wọn kì í ṣe ìrìbọmi fún ẹni tí kò bá ronú pìwà dà, ẹni tó bá sì ronú pìwà dà gbọ́dọ̀ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe níwọ̀n bó bá ti lè ṣe é. Wọ́n ti dá ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ìrìbọmi Abẹ́rẹ́. Alágbàfọ̀ bẹ Bíṣọ́ọ̀bù pé kó pe àwọn méjèèjì.

Bíṣọ́ọ̀bù tiwọn kì í wọ aṣọ gígùn. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ọ́fíìsì rẹ̀ sì jẹ́ yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ìjọsìn, àga oníke mẹ́rin àti tábìlì kan. Ọmọ Alágbàfọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìyá rẹ̀ ní kó wá ṣe ẹlẹ́rìí, Bíṣọ́ọ̀bù sì ní kó wá di ìyá rẹ̀ mú.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Mo mọ̀ pé ìwọ lo rán wọn sí mi. Àwọn ọmọ náà ní arábìnrin kan tó fẹ́ràn mi ló kọ orúkọ mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gún ara mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ìkà lo fi ṣe. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gba ọpẹ́ rẹ padà.”

“Mo ti dú u tán.”

“Mo ní gbà á padà!”

“Màmá,” ni ọmọ rẹ̀ wí.

“Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ,” ni Abẹ́rẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Àbúrò mi ti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò ríṣẹ́ fún un. Ìwọ lo ní iṣẹ́. N ó jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi.”

“Ṣé àwọn ará ìjọ ló ń kó aṣọ wá fún mi ni? Ilé dé ilé lo fi tan irọ́ tó o pa mọ́ mi ká. Ilé dé ilé ni kó o fi ṣà á. Kí o kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o dúró síbẹ̀, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé òpùrọ́ ni ọ́. Kí àwọn náà sé ilẹ̀kùn mọ́ ọ bó bá wù wọ́n. Kó o wá mọ bó ṣe ń rí.”

Bíṣọ́ọ̀bù wo Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ń fi èékánná ya òwú kan lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

“Ogún ilé,” ló wí. “Mo gbà. N ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la.”

“Àti òtẹ́ẹ̀lì.”

Abẹ́rẹ́ já òwú náà.

“Mo ní àti òtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.”

“Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti ń jẹun! Ọmọ mẹ́ta ló ní!”

“Ìgbà tí o wí i, ṣé o ka ọmọ tèmi?”

“Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù,” ni Bíṣọ́ọ̀bù wí. “Kó lọ sí ogún ilé náà kó tó di Àbámẹ́ta. Kí òtẹ́ẹ̀lì dúró di ìgbà tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá ti lágbára díẹ̀.”

“Bíṣọ́ọ̀bù, olùkọ́ ìṣirò ni yín. Ogún nínú mọ́kànlélógún, ṣé ó pé?”

Ó fi ọwọ́ nu iwájú orí. “Kò pé.”

“Ẹ ṣeun.”

“Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ńkọ́, arábìnrin? Gbogbo àwọn ọmọ tí ẹ rán lọ jẹ èébú, èyí tí wọ́n da omi sí lára, ẹ ti bẹ̀ wọ́n?”

“Mo bá a fọ aṣọ rẹ̀.”

“Mo béèrè bóyá ẹ bẹ̀ ẹ́.”

Alágbàfọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì wo ibòmíràn. “N ó kọ lẹ́tà sí wọn,” ló wí níkẹyìn. “Lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n wà, n ó kọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, n kò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi gé e kù. Kí òun náà má gé tirẹ̀ kù.”

“Bí mo bá kan ilẹ̀kùn yẹn,” ni Abẹ́rẹ́ wí, “àbúrò mi kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Alágbàfọ̀ wí. “Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.”

Bíṣọ́ọ̀bù na ọwọ́ sí Bíbélì orí tábìlì, ó ń wá ibi tí Olúwa ti ní ká dárí jì ní ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje. Alágbàfọ̀ mọ ojú ìwé náà. Ó ti ka ìyẹn fún àwọn ẹlòmíràn lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti máa ń dùn létí rẹ̀. Ó dìde, ó mú báàgì rẹ̀.

“Màmá, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́.”

“Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì máa ń wà ní ọ́fíìsì,” ni Alágbàfọ̀ wí fún Abẹ́rẹ́. “Ó máa ń gbọ́ bí ènìyàn bá kàn án gidi.”

“Èmi kò tíì gbà o! Ta ló sọ fún ọ pé mo ti gbà? Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ? Ìwọ obìnrin yìí, dúró, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀—”

“Arábìnrin, mo ti rí ojú ìwé náà,” ni Bíṣọ́ọ̀bù ń wí, ìka rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Alágbàfọ̀ ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ líle rìn gba àárín àwọn àga tó ṣófo, kò sì bojú wẹ̀yìn.